Kíkọ́ Iṣẹ́ Alábòójútó Ẹ̀rọ Unix: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tí ó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ máa ń bi mí jù. N kò tò wọ́n bí ìwé ẹ̀kọ́ ṣe ń to orí-ọ̀rọ̀. Èyí tí ó gba àlàyé, mo ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, èyí tí kò gbà á, mo ti yára kọjá lórí rẹ̀.

Kí ni alábòójútó ẹ̀rọ Unix ń ṣe gan-an?

Unix ni ètò tí ń darí gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe; alábòójútó rẹ̀ ni ẹni tí ó ń rí sí i pé ẹ̀rọ tí àwọn ẹlòmíràn gbára lé ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Òun ló ń ṣí àkáǹtì fún aṣàmúlò tuntun, tí ó sì ń ti ti ẹni tí ó ti lọ. Òun ló ń fi sọ́fítíwíà sórí ẹ̀rọ, tí ó sì ń sọ ọ́ dọ̀tun nígbà tí àtúnṣe bá jáde. Òun ló ń ṣọ́ àyè tí ó kù lórí dísíìkì, tí ó ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, tí ó sì ń wá ìdí tí ohun tí ó ṣiṣẹ́ lánàá fi kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lónìí. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá ń lọ geerege, kò sẹ́ni tí í rántí rẹ̀; ọjọ́ tí nǹkan bá dẹnu kọlẹ̀ ni wọ́n máa ń wá a kiri. Mímọ àṣẹ sórí kọ́ ni olórí iṣẹ́ yìí. Olórí iṣẹ́ náà ni kí ènìyàn mọ ohun tí àṣẹ kan máa ṣe kí ó tó tẹ Enter, kí ó sì ti la ọ̀nà tí yóò gbà padà sílẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá gba ibi tí kò rò yọ.

Irú Unix wo ni kí n kọ́, ṣé Linux náà sì jẹ́ Unix?

Ìbéèrè méjì ni èyí, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìkejì ṣáájú. Unix bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1969, nígbà tí Ken Thompson, Dennis Ritchie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ ọ́ sórí ẹ̀rọ kékeré kan tí ń jẹ́ PDP-7. Ní ọdún 1973 ni wọ́n fi èdè C tún un kọ, ìyẹn ló sì sọ ọ́ di ohun tí a lè gbé láti orí irú ẹ̀rọ kan bọ́ sórí òmíràn láìtún bẹ̀rẹ̀ láti àtètèkọ́ṣe. Láti ibẹ̀ ni ìdílé náà ti fọ́n. Yunifásítì California ní Berkeley ni BSD ti jáde, òun ló sì bí FreeBSD, NetBSD àti OpenBSD. Solaris, AIX àti HP-UX jẹ́ ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ṣe kọ̀ǹpútà. Ọmọ àgbàtọ́ ni Linux nínú ìdílé yìí: Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki nígbà náà, ló kọ kernel rẹ̀ (ọkàn ètò náà, tí ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ tààrà) láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, ọ̀pọ̀ nínú àwọn irinṣẹ́ tí ó yí i ká sì wá láti inú iṣẹ́ GNU tí Richard Stallman kéde ní ọdún 1983. Àmọ́ ìṣe ìdílé náà ló ń ṣe láti òkè délẹ̀, débi pé ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kì í ṣàjèjì sí àwọn yòókù.

Ní ti èyí tí ẹ ó kọ́, bí kò bá sí ìdí pàtàkì, ẹ fi Linux bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù níta. Nínú àwọn oríṣi Linux, Debian dára, àwọn tí wọ́n jẹ́ ẹbí Red Hat náà dára. Ṣùgbọ́n mo máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú pé kí ó fi FreeBSD tàbí OpenBSD ṣe ìkejì kí ọdún tó yípo. Ẹni tí ó bá mọ ẹyọ kan ṣoṣo máa ń rò pé àṣà ilé tirẹ̀ ni òfin gbogbo ayé: yóò rò pé ibi gbogbo ni a ti ń fi systemctl bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ, títí tí yóò fi bá ara rẹ̀ níwájú FreeBSD tí ó jẹ́ pé fáìlì /etc/rc.conf ni a ti ń sọ ohun tí yóò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá tan.

Ṣé dandan ni kí n mọ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Rárá. Ẹ ó máa kọ shell script (fáìlì tí a to àṣẹ sí fún shell, ètò tí ń gba àṣẹ tí a bá tẹ̀) láìpẹ́ ṣá, nítorí pé ohun tí ẹ bá fi ọwọ́ ṣe lẹ́ẹ̀mẹta ní ọ̀nà kan náà yẹ kí ó di fáìlì tí ẹ̀rọ yóò máa ṣe fúnra rẹ̀. Python, èdè tí a fi ń kọ ètò, lè dúró di ìgbà tó bá yá. Ohun tí kò lè dúró ni kí ẹ máa ka ohun tí ẹ̀rọ bá sọ dé òpin; ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń rí ọ̀rọ̀ àṣìṣe lójú ẹ̀rọ, tí wọ́n á sì tún àṣẹ kan náà tẹ̀ láìka ohun tí ẹ̀rọ ń bá wọn sọ.

Níbo ni kí n ti máa dán nǹkan wò láì ba iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́?

Ẹ wá ẹ̀rọ tí kò sí ẹni tí yóò fajú ro bí ó bá bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ẹ ti pa tì wúlò, ṣùgbọ́n virtual machine, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí a fi ètò dá sínú kọ̀ǹpútà mìíràn, ló rọrùn jù: VirtualBox àti QEMU jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ sì lè fi wọ́n gbé ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta kalẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà kan. Gígábáìtì kan ti mẹ́mórì àti 20 ti dísíìkì tó fún Debian tàbí FreeBSD, bí ẹ kò bá fi ojú àwòrán tí a ń fi mouse tẹ̀ sí i, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má fi sí i. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà dúdú, kí ó máa retí àṣẹ yín, nítorí bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ẹ ó bá lẹ́nu iṣẹ́ yóò ṣe rí.

Kí ẹ tó dán ohunkóhun wò, ẹ ya snapshot, ìyẹn àwòrán ipò tí ẹ̀rọ náà wà ní ìṣẹ́jú yẹn, tí ẹ lè padà sí bí nǹkan bá dàrú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́. Ẹ kọ ọ̀nà tí kò tọ́ sínú /etc/fstab, fáìlì tí ó sọ dísíìkì tí ẹ̀rọ yóò lò nígbà tí ó bá ń tan, kí ẹ wo bí ẹ̀rọ ṣe ń kọ̀ láti tan. Ẹ da fáìlì sórí dísíìkì títí yóò fi kún. Ẹ gbé ara yín sí ipò ẹni tí ó gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà root, àkáǹtì tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù, kí ẹ sì wá ọ̀nà wọlé. Ẹ má yára lo snapshot náà. Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú láti tún un ṣe, ọ̀sán kan tí ẹ bá lò nídìí fstab tí ó bàjẹ́ wúlò ju ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ fi ń wo fídíò lọ.

Kí ni kí n kọ́kọ́ kọ́?

Shell. Ẹ mọ bí a ṣe ń rìn láti fódà kan sí òmíràn, bí a ṣe ń ṣe ẹ̀dà fáìlì, bí a ṣe ń wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, àti bí a ṣe ń so àṣẹ pọ̀ mọ́ra wọn. Ìsopọ̀ yìí ni ọkàn Unix. Doug McIlroy ló dá àbá rẹ̀, ó sì wọ inú Unix ní ọdún 1973. Ẹ wo ìlà yìí, níbi tí àmì | ti ń gbé ohun tí àṣẹ kan sọ fún èyí tí ó tẹ̀lé e:

cut -d: -f7 /etc/passwd | sort | uniq -c

Fáìlì /etc/passwd ní ìlà kan fún àkáǹtì kọ̀ọ̀kan, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní ìpín méje tí àmì : pín níyà. Ìpín keje ni shell tí àkáǹtì náà ń lò, òun sì ni cut yọ jáde. Sort tò wọ́n kí àwọn tí ó jọra lè wà nítòsí ara wọn, nítorí uniq kì í rí ìjọra àfi tí ìlà méjì bá tẹ̀lé ara wọn. Uniq -c wá ka iye wọn. Bí ẹ bá ṣe é lórí Debian tuntun, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ ń lo /usr/sbin/nologin, ìyẹn ni pé àwọn àkáǹtì náà kì í ṣe ti ènìyàn, ti àwọn iṣẹ́ tí ń lọ lábẹ́lẹ̀ ni, kò sì sẹ́ni tí ó gbọ́dọ̀ fi wọ́n wọlé. Ìlà kan ṣoṣo ti kọ́ yín ní àṣẹ mẹ́ta, ó sì ti fi àwọn tó ń gbé orí ẹ̀rọ yín hàn yín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ́ vi, ètò tí a fi ń ṣàtúnṣe fáìlì, dé ibi tí ẹ ti lè ṣí fáìlì, kí ẹ yí ọ̀rọ̀ kan padà, kí ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì jáde. Bill Joy ló kọ ọ́ ní Berkeley ní ọdún 1976, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí Unix tí ẹ kò ti ní bá a. Bí ẹ bá há sínú rẹ̀, ẹ tẹ Esc, kí ẹ tẹ :q! kí ẹ wá tẹ Enter. Gbogbo wa la ti há síbẹ̀ rí.

Ìwé man, ìyẹn ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn àṣẹ tí ó wà lórí ẹ̀rọ, le jù fún mi. Ṣé mi ò lè máa wá ìdáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹ lè wá a, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí ẹ bá rí lè jẹ́ ti Unix mìíràn. Àpẹẹrẹ kan rèé: lórí Linux, sed -i máa ń yí ọ̀rọ̀ inú fáìlì padà láìbéèrè nǹkan mìíràn, lórí FreeBSD àti macOS, -i yẹn gbọ́dọ̀ ní ohun tí ó tẹ̀lé e, ìyẹn àfikún orúkọ tí ẹ̀dà àtijọ́ yóò máa jẹ́, ì báà jẹ́ òfo. Ẹni tí ó bá da àṣẹ ti ibí kọ síbẹ̀ yóò ba ara rẹ̀ nínú jẹ́. Ìwé man tí ó wà lórí ẹ̀rọ yín ni ó ń sọ nípa ẹ̀rọ yín.

Ohun tí ó ń mú un le ni pé àwọn ènìyàn ń kà á bí ìtàn, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìwé atọ́ka ni. Ẹ wo SYNOPSIS, níbi tí ohun tí ó bá wà nínú àkámọ́ onígun túmọ̀ sí ohun tí ẹ lè fi sílẹ̀. Ẹ wá fò lọ sí EXAMPLES bí ó bá ní in, kí ẹ sì ka SEE ALSO nísàlẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni orúkọ àṣẹ tí ẹ ń wá gan-an máa ń fara pamọ́ sí. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé ìwé náà ní ìpín: ìpín 1 jẹ́ ti àṣẹ aṣàmúlò, ìpín 5 jẹ́ ti bí fáìlì ṣe rí, ìpín 8 sì ni tiwa, ti àbójútó ẹ̀rọ. Man passwd yóò sọ bí a ṣe ń yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà fún yín. Man 5 passwd yóò ṣàlàyé fáìlì tí mo mẹ́nu bà lókè. Bí ẹ kò bá mọ orúkọ àṣẹ, ẹ lo man -k pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tí ó jẹ mọ́ ọn.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ pé kí n má máa wọlé bí root?

Nítorí pé kernel kì í bi root léèrè ohunkóhun. Àkáǹtì tí nọ́ńbà rẹ̀ bá jẹ́ 0 ni root, orúkọ yòówù kí a kọ síbẹ̀, gbogbo ilẹ̀kùn ló sì ṣí fún un. Ẹ wo àlàfo kékeré tí ó wà ṣáájú ìràwọ̀ nínú àṣẹ yìí:

rm -rf /srv/atijo/ *

Ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ fẹ́ pa ohun tí ó wà nínú /srv/atijo rẹ́. Ohun tí ó sọ fún ẹ̀rọ ni pé kí ó pa fódà náà rẹ́, kí ó sì tún pa gbogbo ohun tí ó wà ní ibi tí òun dúró sí rẹ́. Kò sí àpótí ìdọ̀tí tí a ti lè lọ ṣà wọ́n padà. Aṣàmúlò lásán ni ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kí ẹ máa lo sudo, tí ń jẹ́ kí aṣàmúlò lásán pa àṣẹ bí root, fún àṣẹ tí ó nílò agbára, torí pé sudo máa ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹni tí ó pa àṣẹ àti àṣẹ tí ó pa. Visudo ni kí ẹ fi ṣàtúnṣe fáìlì sudoers, tí ó sọ ẹni tí ó lè lo sudo; ó máa ń yẹ ohun tí ẹ kọ wò kí ó tó gbà á. Kí ẹ tó fi ìràwọ̀ sínú rm, ẹ fi ìràwọ̀ kan náà sínú ls, kí ẹ wo ohun tí yóò jáde.

Mo fún fáìlì ní 777 kí ó lè ṣiṣẹ́. Kí ló burú níbẹ̀?

Ó burú torí pé ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé, ẹ kò sì tíì mọ ẹni tí ilẹ̀kùn náà tì mọ́ta. Ẹ jẹ́ kí a ka ìlà kan tí ls -l gbé jáde:

-rw-r----- 1 root adm 48210 Mar 3 09:14 auth.log

Àmì àkọ́kọ́ sọ pé fáìlì ni, kì í ṣe fódà. Mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e jẹ́ ti olówó rẹ̀, root: ó lè kà á, ó sì lè kọ nǹkan sí i. Mẹ́ta kejì jẹ́ ti ẹgbẹ́ adm: wọ́n lè kà á nìkan. Mẹ́ta ìkẹyìn jẹ́ ti àwọn yòókù, wọn kò sì ní nǹkan kan. Kíkà jẹ́ 4, kíkọ jẹ́ 2, ṣíṣiṣẹ́ jẹ́ 1; ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ ó rí 640.

Fódà ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń yí padà mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Lórí fódà, r ń jẹ́ kí a rí orúkọ àwọn tí ń bẹ nínú rẹ̀, w ń jẹ́ kí a fi orúkọ kún un tàbí kí a yọ orúkọ kúrò, x sì ń jẹ́ kí a gba inú rẹ̀ kọjá. Nítorí náà, ẹni tí kò ni fáìlì kan lè pa á rẹ́ bí ó bá ní w àti x lórí fódà tí fáìlì náà wà. Nítorí èyí náà ni web server fi máa ń kọ̀ láti gbé ojú-ìwé kan jáde, tí ẹ ó sì wo fáìlì náà tí ẹ ó bá a ní 644 tí gbogbo ènìyàn lè kà: fódà ilé aṣàmúlò tí ó wà lókè rẹ̀ jẹ́ 700, web server kò sì rí ọ̀nà kọjá. Ẹ wo gbogbo fódà tí ó wà lójú ọ̀nà láti / títí dé fáìlì náà. Lórí Linux, namei -l máa ń tò wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí èyí tí ó dínà, òun nìkan ni kí ẹ tún ṣe. Ní ti kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ SSH, ètò tí a fi ń wọ ẹ̀rọ tó wà lọ́nà jíjìn, 777 kò tilẹ̀ ní ṣiṣẹ́, nítorí pé ssh máa ń kọ kọ́kọ́rọ́ tí ojú pọ̀ lára rẹ̀. 600 ló fẹ́.

Dísíìkì kún, mo pa fáìlì ńlá rẹ́, síbẹ̀ àyè kò ṣí. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Èmi náà ti bá èyí pàdé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó mi sí wàhálà. Fáìlì àkọsílẹ̀ kan ti wú títí ó fi gba gbogbo dísíìkì, mo fi rm pa á rẹ́, mo wo df -h, tí ń fi àyè tí ó kù lórí dísíìkì hàn, kò sí ohun tí ó yí padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn fáìlì mìíràn pa rẹ́, títí kan àwọn tí kò yẹ kí n fọwọ́ kàn, kí ọ̀gá kan tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó wá dúró lẹ́yìn mi tí ó sì bi mí pé, “Ta ló dì í mú?”

Ìdáhùn wà nínú ìbéèrè rẹ̀. Orúkọ fáìlì yàtọ̀ sí fáìlì fúnra rẹ̀. Rm máa ń yọ orúkọ kúrò nínú fódà. Àmọ́ bí ètò kan bá ṣì ṣí fáìlì náà sílẹ̀, kernel kò ní dá àyè rẹ̀ padà títí ètò náà yóò fi tì í. Àṣẹ lsof +L1 yóò fi àwọn fáìlì tí kò ní orúkọ mọ́ ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣì wà lọ́wọ́ ètò kan hàn yín. Ẹ pa iṣẹ́ náà kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀, àyè yóò ṣí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ó bá ṣe pé fáìlì náà ṣì ní orúkọ, ó sàn kí ẹ sọ ọ́ dòfo ju kí ẹ pa á rẹ́ lọ:

: > /var/log/oruko.log

Láti mọ ohun tí ó jẹ àyè náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ lo du -xhd1 /, kí ẹ máa bọ́ sínú fódà tí ó bá tóbi jù, títí ẹ ó fi ká a mọ́. Bí df -h bá sọ pé àyè wà ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ ń pariwo pé kò sí, ẹ wo df -i: ó lè jẹ́ pé inode, àkọsílẹ̀ tí fáìlì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní lórí dísíìkì, ló tán, èyí tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ètò kan bá ń da ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké sínú fódà kan.

Ṣé kill -9 ni kí n fi pa ètò tí kò dáhùn?

Kì í ṣe lákọ̀ọ́kọ́. Kill lásán máa ń fi àmì 15 ránṣẹ́, èyí tí ń sọ fún ètò náà pé kí ó palẹ̀ rẹ̀ mọ́ kí ó máa lọ. Àmì 9 kì í dé etí ètò náà rárá. Kernel ló máa ń gé e kúrò, ohun tí ó ń kọ lọ́wọ́ sì lè bàjẹ́ síbẹ̀. Ẹ fún 15 ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan ná. Bí ps, àṣẹ tí ń to àwọn ètò tí ń ṣiṣẹ́, bá fi Z hàn níwájú ètò kan, òkú ni, ẹ kò lè pa òkú. Òbí rẹ̀ ni kò tíì wá gbé e sin. Èyí tí ó bá wà ní D ń retí dísíìkì tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò sì ní gbọ́ ti 9 pàápàá, nítorí náà ohun tí ó ń retí ni kí ẹ lọ wò.

Script mi ń ṣiṣẹ́ bí mo bá fi ọwọ́ pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣiṣẹ́ nínú cron, ètò tí ń pe iṣẹ́ ní àkókò tí a bá yàn. Kí nìdí?

Lọ́pọ̀ ìgbà, PATH ni, ìyẹn àkójọ àwọn fódà tí shell ti ń wá àṣẹ. Nígbà tí ẹ bá wọlé, shell yín máa ń ka àwọn fáìlì ìṣètò tí ó sọ ibi tí àṣẹ wà fún un. Cron kì í kà wọ́n, ìwọ̀nba fódà díẹ̀ ló sì mọ̀. Ẹ kọ ọ̀nà àṣẹ ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́, ẹ sì jẹ́ kí ohun tí script náà bá sọ wọ inú fáìlì kan kí ẹ lè kà á:

30 2 * * 1-5 /usr/local/sbin/pamo.sh >> /var/log/pamo.log 2>&1

Ìpín márùn-ún àkọ́kọ́ ni ìṣẹ́jú, wákàtí, ọjọ́ nínú oṣù, oṣù, àti ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀. Èyí yóò ṣiṣẹ́ ní aago méjì ààbọ̀ òru láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ìdẹkùn méjì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọjọ́ oṣù àti ọjọ́ ọ̀sẹ̀ pọ̀, ìkan nínú méjèèjì tí ó bá ti pé ni yóò mú un ṣiṣẹ́, kò dìgbà tí méjèèjì bá pàdé. Ìkejì ni àmì %, tí crontab ń kà sí ìlà tuntun. Ó ti ba àìmọye àṣẹ date jẹ́.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ìka yín. Crontab -e ni a fi ń ṣàtúnṣe, crontab -r sì ni a fi ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, láìsí ìbéèrè lórí Linux, lẹ́tà e àti r sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí kíbọ́ọ̀dù. Mo ti tẹ èyí tí kò tọ́ rí, iṣẹ́ mọ́kànlá ló sì lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti ìgbà náà, inú fáìlì kan ni mo ń kọ ọ́ sí, tí mo sì ń fi àṣẹ crontab gbé fáìlì náà wọlé.

Mo ń bẹ̀rù pé mo lè ti ara mi mọ́ta lórí ẹ̀rọ tó wà lọ́nà jíjìn. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀rù yẹn dára. SSH, tí Tatu Ylönen kọ ní Finland ní ọdún 1995, ni ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí ẹ ní sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹ bá yí /etc/ssh/sshd_config padà, ẹ kọ́kọ́ fi sshd -t yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹ má jáde. Ẹ ṣí fèrèsé kejì, ẹ gbìyànjú láti wọlé láti ibẹ̀. Ìgbà tí ó bá gbà yín wọlé ni kí ẹ tó ti ti àkọ́kọ́.

Ní ti firewall, ètò tí ń pinnu ohun tí ó lè gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé tàbí jáde, ọgbọ́n kan wà tí ó ti gbà mí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kí n tó fi òfin tuntun sí i, mo máa ń fi àṣẹ at ṣètò pé kí ẹ̀rọ dá òfin àtijọ́ padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí mo bá ti ara mi mọ́ta, n kò ní pe ẹnikẹ́ni, mo kàn máa dúró. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, màá fi atrm fagi lé ìṣètò náà.

Mo ní RAID àti snapshot. Ṣé mo ṣì nílò ẹ̀dà ìpamọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. RAID, tí ń so dísíìkì pọ̀ kí ọ̀kan lè dí àyè òmíràn, ń gbà yín lọ́wọ́ dísíìkì tí ó kú. Kò gbà yín lọ́wọ́ rm, nítorí pé yóò pa fáìlì náà rẹ́ lórí dísíìkì méjèèjì pẹ̀lú ìgbọràn pípé. Snapshot tí ó wà lórí dísíìkì kan náà yóò bá dísíìkì náà lọ. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé ni ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun èlò méjì, kí ọ̀kan sì wà ní ibòmíràn. Ẹ má gbàgbé /etc. Ẹ má sì ṣe ẹ̀dà fáìlì database tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ bí ẹni ń ṣe ẹ̀dà fáìlì lásán. Ẹ lo irinṣẹ́ tí database náà ní fún un, bíi pg_dump fún PostgreSQL, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí ẹ ó kó pamọ́ lè jẹ́ ààbọ̀ ìdúnàádúrà.

Ẹ̀dà tí a kò tíì dá padà rí kò tíì di ẹ̀dà. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ mú fáìlì kan láti inú rẹ̀, ẹ dá a padà sí fódà mìíràn, ẹ ṣí i, ẹ kà á.

Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè yìí: kí ló yí padà? Lẹ́yìn náà, ẹ lọ ka àkọsílẹ̀. Lórí Linux tí ó ń lo systemd, journalctl -u pẹ̀lú orúkọ iṣẹ́ náà yóò mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá. Lórí BSD, ẹ wo /var/log/messages. Ẹ wá ìlà àṣìṣe tí ó kọ́kọ́ jáde, torí pé àwọn tí ó tẹ̀lé e sábà máa ń jẹ́ àbájáde rẹ̀ lásán. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ni, ẹ gun un bí àkàbà: ṣé ẹ̀rọ náà ní àdírẹ́sì, ṣé ó rí gateway (ẹnu ọ̀nà sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà níta), ṣé ó rí àdírẹ́sì tí ó wà níta, ṣé ó lè yí orúkọ padà sí àdírẹ́sì? Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá yí nǹkan márùn-ún padà pọ̀, tí ẹ̀rọ sì ṣiṣẹ́, kò mọ ohun tí ó tún un ṣe.

Ṣé ìwé ẹ̀rí wúlò?

Ó lè ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ àkọ́kọ́. Nínú àwọn tí mo mọ̀, RHCSA ti Red Hat ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé iwájú ẹ̀rọ gidi ni wọ́n máa ń gbé ẹni tí ń ṣe ìdánwò sí, kì í ṣe iwájú ìbéèrè tí a ń mú A tàbí B nínú rẹ̀. LPIC-1 pín sí ìdánwò méjì, kò sì so mọ́ Linux ilé-iṣẹ́ kan.

Báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé mo ti ṣe tán láti fọwọ́ kan ẹ̀rọ tí àwọn ènìyàn ń lò?

Ẹ gbé server kan kalẹ̀ sórí virtual machine yín: aṣàmúlò mẹ́ta, web server kan, firewall, ẹ̀dà ìpamọ́ tí cron ń ṣe lóru sórí ẹ̀rọ kejì. Bí ẹ ti ń ṣe é, ẹ máa kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sínú ìwé. Nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ pa ẹ̀rọ náà rẹ́ pátápátá, pẹ̀lú snapshot rẹ̀. Ẹ wá tún un gbé dìde láti inú ìwé yẹn àti ẹ̀dà ìpamọ́ yẹn nìkan. Lẹ́ẹ̀kíní, ìwé náà yóò já yín kulẹ̀ níbi mẹ́rin tàbí márùn-ún, níbi tí ẹ ti ṣe nǹkan tí ẹ kò rántí kọ. Ẹ fi wọ́n kún un, kí ẹ tún ẹ̀rọ náà pa rẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé e dìde láìfi ìlà kan kún ìwé náà, ẹ lè lọ béèrè fún ọ̀rọ̀ aṣínà ti ẹ̀rọ gidi.